Kí Ni Ó Ń Jò? Orúkọ Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Omi Ìta àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti kan ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní èdè Yorùbá, a ti rí i dájú pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún àwa olùkọ́ èdè ní irinṣẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ti ṣẹ̀dá ni ó jẹ́ ti inú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè sọ ohun tí mófíìmù jẹ́ ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá bàjẹ́, kò lè sọ ibi tí ó ti bàjẹ́ gan-an.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní, a ó ṣe àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá fi ń sọ bí omi ṣe ń jáde níbi tí kò yẹ kí ó ti jáde. Èkejì, a ó dá orúkọ fún ẹ̀yà ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan, a ó sì sọ ìdí tí a fi yan orúkọ náà. Ẹ̀kẹta, a ó fi àwọn orúkọ yìí ṣe àlàyé àtúnṣe ẹ̀rọ omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí a fi fi ìkẹta kún un ni pé orúkọ tí a kò bá lè fi ṣiṣẹ́, orúkọ orí pákó lásán ni.

Irú ẹ̀rọ omi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni èyí tí a ń yí ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kí ó tó ṣí tàbí kí ó tó pa. Ilé-iṣẹ́ Guest and Chrimes, àwọn arọ-idẹ ní ìlú Rotherham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1845. Láti ìgbà náà, ìlànà tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò tí ì yí padà.

2.0 Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ẹ̀rọ omi tí ó wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ṣòfò. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ omi. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: ‘Ẹ̀rọ ti bàjẹ́.’ Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ. Ó ra ẹ̀rọ tuntun wá, ó fi sípánà mú ti àtijọ́, ó sì fi agbára yí i láìfi ọwọ́ kejì di páìpù mú. Páìpù ike tí ó wà nínú ògiri sán. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi wà láìní omi, a sì wó ògiri kí a tó rí ibi tí ó sán.

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ni ó wá bá wa tún páìpù ṣe. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé:

‘Dókítà, ẹ ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Ṣé ó ń kán ni, àbí ó ń sun, àbí ara ògiri ni ó ń rin?’

Mo ní, ‘Bàbá, ó ń kán lẹ́nu ni, kódà bí a bá tì í pa.’

Ó mi orí. ‘Ìyẹn kò ju wọ́ṣà lọ. Ohun tí kò ju wọ́ṣà lọ ni wọ́n wó ògiri yín sí.’

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju owó ògiri lọ. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo àìsàn mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ̀bi pé kò di páìpù mú. Èmi náà jẹ̀bi pé n kò sọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ. Bàbá tí kò jókòó nínú kíláàsì mi rí ni ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta pín àìsàn náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní oògùn tirẹ̀.

3.0 Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe àyẹ̀wò

3.1 Ẹ̀rọ wo?

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí ‘ẹ̀rọ’ fúnra rẹ̀. Ó jọ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘rọ’, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́, ni ọ̀rọ̀-orúkọ yìí ti jáde. Lónìí, ó ti gbòòrò débi pé ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ń jẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí omi ìjọba dé àwọn ìlú ńlá wa, ‘omi ẹ̀rọ’ ni àwọn ènìyàn pè é láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi odò àti omi kànga. Lẹ́yìn náà, orúkọ gbogbo ètò náà já sórí ohun kékeré tí omi ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Bí obìnrin ilé bá ní ‘Lọ ti ẹ̀rọ’, kò sí ẹni tí yóò lọ sí ibùdó omi ìjọba.

A lè pè é ní ‘táàpù’ gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ omi ti ń ṣe, a kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ‘ẹ̀rọ omi’ ni a ó máa lò, a ó sì gé e kúrú sí ‘ẹ̀rọ’ níbi tí kò bá ti lè da ọ̀rọ̀ rú.

3.2 Jò, kán, sun, rin

‘Jò’ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbòòrò jù lọ. Ilé ń jò, ìkòkò ń jò, ọkọ̀ ojú omi ń jò. Ohun tí ó ń sọ ni pé ohun tí ó yẹ kí ó dá omi dúró kò dá a dúró mọ́. Kò sọ bí omi ṣe ń jáde, kò sì sọ ibi tí ó gbà jáde. Nítorí náà ni ó ṣe dára fún ẹjọ́, tí kò sì dára fún àtúnṣe.

‘Kán’ ń sọ pé omi ń já bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àyè wà láàárín ẹ̀kán kan àti èkejì, ìdí nìyí tí ó fi bá ọ̀rọ̀ aláfarawé ‘tó, tó, tó’ rìn. Ohun tí ó bá ń kán gbọ́dọ̀ ní etí tàbí ẹnu tí ẹ̀kán náà yóò ti kó ara jọ kí ó tó já. Lára ẹ̀rọ omi, ẹnu ni ibi náà.

‘Sun’ ń sọ pé omi ń yọ jáde láti inú ohun kan, tí ó ń tàn kálẹ̀ lójú ohun náà láìjá. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí ‘ìsun’ àti ‘orísun’. Omi tí ó bá ń sun kò nílò ẹnu. Ojú àlàfo tóóró ti tó o. Lára ẹ̀rọ omi, ọrùn ni ibi náà, níbi tí ọ̀pá tí a ń yí ti wọ inú ẹ̀rọ.

‘Rin’ yàtọ̀ sí àwọn yòókù nínú gírámà. Omi ni olùwà ‘kán’ àti ‘sun’ ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí omi wọ̀ lára ni olùwà ‘rin’. Ògiri ni ó ń rin, aṣọ ni ó ń rin. A kì í sọ pé omi ń rin nínú ìtumọ̀ yìí. Nítorí èyí, ‘rin’ ń tọ́ka sí omi tí a kò rí ojú rẹ̀, tí a rí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Lára ẹ̀rọ omi, ibi tí ẹ̀rọ ti wọ páìpù nínú ògiri ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí kì í ṣe ìṣẹ̀dá ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ti wà kí ẹ̀rọ omi tó dé. Ẹni tí ó bá ní ‘ẹ̀rọ ń jò’ ti sọ òtítọ́; ẹni tí ó bá ní ‘ẹ̀rọ ń kán’ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

4.0 Orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ omi

4.1 Ìlànà tí a tẹ̀ lé

Ìlànà mẹ́ta ni a tẹ̀ lé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń pè é. Bí orúkọ náà bá ti fìdí múlẹ̀, tí ó sì ti gba ìró Yorùbá wọlé, a fi í sílẹ̀. Bí wọn kò bá ní orúkọ kan pàtó fún un, a wo ohun tí èdè wa ń pe ẹ̀yà tí ó jọ ọ́ lára ohun èlò ilé. Bí èyí náà kò bá sí, nígbà náà ni a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun.

4.2 Ọ̀rọ̀ àyálò tí a fi sílẹ̀

‘Wọ́ṣà’, ‘sípánà’, ‘páìpù’, ‘nọ́ọ̀tì’ àti ‘tàǹkì’ ti di ọmọ ilé. Ìró wọn fi èyí hàn. Nínú ‘sípánà’, a fi fáwẹ̀lì ‘í’ la àárín kọ́ńsónáǹtì méjì. Nínú ‘páìpù’, fáwẹ̀lì ‘ù’ ni a fi parí nítorí pé ètè ni a fi ń pe ‘p’. Nínú ‘nọ́ọ̀tì’, ‘ì’ ni, nítorí pé ‘t’ kì í ṣe ti ètè. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ohùn òkè bọ́ sí orí sílébù tí èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ sì parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti tẹ̀ lé òfin ìró wa tó báyìí, kò sí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé n kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣẹ̀dá ‘pẹlẹbẹ-rọ́bà-adíhò’ fún wọ́ṣà, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí mo pè é fún bàbá oníṣẹ́ omi náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Dókítà, ta ni yóò pè é tán kí omi tó kún ilẹ̀?’ Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá wọ́ṣà padà sí ipò rẹ̀.

4.3 Orúkọ tí a rí lára ìkòkò

Ìkòkò ní ẹnu, ó ní ọrùn, ó ní ikùn. Ẹ̀rọ omi náà ní wọn. Ibi tí omi ń gbà jáde ni ẹnu ẹ̀rọ. Ibi tóóró lókè, tí ọ̀pá gbà wọlé, ni ọrùn ẹ̀rọ. Inú gbalasa tí omi ń gbà kọjá ni ikùn ẹ̀rọ. Ohun tí a ń dì mú láti ṣí i tàbí láti tì í ni ọwọ́ ẹ̀rọ. Ní ti ohun tí a fi ṣe ara rẹ̀, èdè wa ti ní ‘idẹ’ fún un láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi í pe ‘bàbà’. Idẹ ni bàbà tí a pò mọ́ irin funfun mìíràn kí ó lè le. Ẹ̀rọ dídán tí ó dà bí fàdákà, idẹ ni púpọ̀ nínú wọn lábẹ́ ìdán náà.

Ọ̀pá tí ó so ọwọ́ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ inú ni a pè ní ọ̀pá ìyí. Àwọn ilà tí ó yí ara rẹ̀ ká ni oníṣẹ́ omi ń pè ní tíréèdì. A gba tíréèdì wọlé fún ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, a dábàá ‘ilà ìlọ́’ mọ́ ọn, nítorí pé orúkọ yìí ń sọ fún ọmọdé ohun tí ilà náà ń ṣe: bí a ti ń lọ́ ọ ni ó ń wọlé.

4.4 Ọmọ àti ìyá

Ẹ̀yà méjì ni ó kù, àwọn sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Èkíní ni ohun kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ìyí, tí ó gbé wọ́ṣà lé ìdí, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti dí ihò. Èkejì ni etí ihò náà, tí wọ́ṣà ń bà lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ohun tí à ń jókòó lé pe èkejì yìí. Àwọn kan ti tú u sí ‘ìjókòó’, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó jókòó níbẹ̀ lójú Yorùbá.

Èdè wa ní ìlànà tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ohun méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ọ̀kan dúró gbọn-in, tí èkejì sì ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ọmọ ni à ń pe èyí tí ó ń rìn. Ọmọ ọlọ ń lọ ata lórí ìyá ọlọ. Ọmọ odó ń gún iyán nínú odó. Ọmọrí ń bo ìkòkò. Lórí ìlànà yìí ni a dá ‘ọmọ adómi’ àti ‘ìyá adómi’. ‘Adómi’ fúnra rẹ̀ jẹ́ a + dí + omi, gẹ́gẹ́ bí ‘apẹja’ ti jẹ́ a + pa + ẹja. Ọmọ adómi ni ó ń lọ sókè sódò. Ìyá adómi kò kúrò lójú kan. Bàbá oníṣẹ́ omi gba orúkọ méjèèjì yìí láìjanpata. Ó ní, ‘Bí ọmọ bá gbó, ẹ ra òmíràn, bí ìyá bá gbó, wàhálà dé.’ Òtítọ́ ni ó sọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

5.0 Àtúnṣe ẹ̀rọ omi

5.1 Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi àkísà nu gbogbo ara ẹ̀rọ gbẹ, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ó wà ní pípa, lẹ́yìn náà nígbà tí ó wà ní ṣíṣí. Ibi tí omi bá ti kọ́kọ́ yọ ni ibi àìsàn. Ẹ má ṣe gba ohun tí ó wà nílẹ̀ gbọ́, nítorí omi a máa sun lọ́rùn kí ó tó ṣàn dé ẹnu láti kán. Ẹ̀rọ tí ó bá ń sun nígbà tí a ṣí i nìkan, tí ó dákẹ́ nígbà tí a tì í, ọrùn ni ó ń dùn ún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ti omi tí ó ń ti inú tàǹkì bọ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ tún ṣe títí omi inú páìpù yóò fi tán. Ẹni tí ó bá tú ẹ̀rọ láìti omi tàǹkì yóò rí ohun tí Yorùbá ń pè ní ‘tú yàà’.

5.2 Ẹ̀rọ tí ó ń kán lẹ́nu

(i) Ẹ tú ìdè kékeré tí ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Nígbà mìíràn, abẹ́ ọmọrí kékeré tí ó wà lórí ọwọ́ náà ni ó wà.

(ii) Ẹ fi sípánà kan di ara ẹ̀rọ mú kí ó má baà yí. Ẹ fi sípánà kejì yí nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà lábẹ́ ọrùn sí òsì, ní òdì kejì sí bí ọwọ́ aago ti ń lọ. Àìṣe èyí ni ó wó ògiri wa.

(iii) Ẹ fa ọrùn àti ọ̀pá ìyí jáde pọ̀. Ẹ ó rí ọmọ adómi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, ó lè kù sínú ikùn ẹ̀rọ. Ẹ yọ wọ́ṣà kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́ṣà tí ó ti gbó a máa le, ihò róbótó a sì wà lójú rẹ̀ níbi tí ìyá adómi ti tẹ̀ ẹ́.

(iv) Ẹ mú wọ́ṣà àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí ẹ má ṣe fi ẹnu lásán júwe rẹ̀. Ìdí ni pé orúkọ ìwọ̀n nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìwọ̀n gidi. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní ti ìdajì íǹṣì, tíréèdì rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 21, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì íǹṣì kò ju mìlímítà 12.7 lọ. Inú páìpù irin ìgbà àtijọ́ ni orúkọ náà ń sọ, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

(v) Kí ẹ tó fi wọ́ṣà tuntun sí i, ẹ fi ìka kan ojú ìyá adómi. Bí ó bá dán yíká, ó dára. Bí ó bá ní egé tàbí ihò, wọ́ṣà tuntun kò ní pẹ́ kí ó tó ya. Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń ha ojú ìyá adómi kí ó lè tẹ́. Bí ó bá ti jẹ kọjá híha, gbogbo ẹ̀rọ ni kí a pààrọ̀. Èyí ni wàhálà tí bàbá wí.

(vi) Kí ẹ tó dá ọrùn padà, ẹ yí ọ̀pá ìyí sókè kí ọmọ adómi má baà kan ìyá rẹ̀ bí ẹ ti ń dì í. Bí ó bá kàn án, wọ́ṣà tuntun yóò fún pọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

(vii) Ẹ ṣí omi tàǹkì díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè jáde, kí ẹ sì ti ẹ̀rọ.

5.3 Ẹ̀rọ tí ó ń sun lọ́rùn

Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lọ́rùn, tí ó yí ọ̀pá ìyí ká. Ẹ yí i sí ọ̀tún, kí ó má ju ìdámẹ́rin àyíká kan lọ. Bí omi bá dá, ó tán. Bí kò bá dá, ohun tí a dì yí ọ̀pá náà ká nínú ọrùn ti gbó. Ẹ ti omi tàǹkì, ẹ yọ nọ́ọ̀tì náà, ẹ kó èyí tí ó gbó kúrò, kí ẹ sì fi òwú tí a ti fi gírísì pa, tàbí tẹ́èpù funfun tí a lọ́ bí okùn, dì í padà. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá le jù láti yí lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀tì ti fún jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

5.4 Ẹ̀rọ tí ògiri rẹ̀ ń rin

Tẹ́èpù tí ó wà lára tíréèdì ni ó ti ya. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ di páìpù mú gírígírí bí ẹ ti ń yọ ọ́. Ẹ fọ ilà ìlọ́ mọ́. Ẹ we tẹ́èpù tuntun mọ́ ọn ní àwẹ̀yíká bíi mélòó kan, kí ó fún, ní ọ̀nà kan náà tí a ó gbà yí ẹ̀rọ wọlé. Bí a bá we é ní òdì, bí ẹ̀rọ ti ń wọlé ni tẹ́èpù yóò máa tú. Bí páìpù bá jẹ́ ti ike, ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi le, kí ẹ tó fi sípánà fún un díẹ̀. Ike kì í fi ìyà pamọ́, sísán ni ó ń sán. Bí ògiri bá ṣì ń rin lẹ́yìn èyí, inú páìpù ni àìsàn wà, ó sì di dandan kí a pe oníṣẹ́.

5.5 Ẹ̀rọ tí kò ní wọ́ṣà

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìta tí a ń tà lóde òní kò gba yíyí púpọ̀. Bí a bá gbá ọwọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìdámẹ́rin àyíká, wọ́n ti ṣí. Bọ́ọ̀lù kékeré tí a lu ní ihò ni ó wà nínú wọn, kì í ṣe ọmọ adómi. Bí irú wọn bá ń kán, pípààrọ̀ wọn ni ó sábà máa ń rọrùn jù.

6.0 Ìṣirò fún kíláàsì

Ẹ gbé ife ìwọ̀n sí abẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń kán. Bí omi inú rẹ̀ bá pé lítà 1 ní wákàtí 1, lítà 24 ni yóò ṣòfò ní ọjọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, yóò di lítà 720. Ní ọdún kan, lítà 8,760. Tàǹkì ike onílítà 1,000 yóò gbẹ láàárín ọjọ́ 42, láìsí ẹni tí ó bu omi mu. Níbi tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná tàbí epo ni a fi ń fa omi láti inú kànga, owó ni ó ń kán yẹn.

Ìṣirò kejì jẹ mọ́ àṣà fífi agbára ti ẹ̀rọ. Omi tí ó ga ní mítà 10 a máa fi nǹkan bí kìlógíráàmù 1 tẹ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Bí omi tàǹkì bá fi mítà 6 ga ju ẹ̀rọ lọ, kìlógíráàmù 0.6 ni. Bí ihò ìyá adómi bá fẹ̀ ní mìlímítà 12, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.1 níbùú lóròó. Ẹrù tí omi gbé ka ọmọ adómi, nígbà náà, jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 0.7, kò tó kìlógíráàmù kan. Ìka méjì lè tì í. Ẹni tí ó bá ń fi gbogbo agbára apá ti ẹ̀rọ, wọ́ṣà ni ó ń pa, kì í ṣe omi ni ó ń dá dúró. Nínú ilé wa, èmi gan-an ni ẹni náà.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀

Adómi: ohun tí ó ń dí omi lọ́nà nínú ẹ̀rọ.
Ẹnu ẹ̀rọ: ibi tí omi ń gbà jáde.
Ikùn ẹ̀rọ: inú ẹ̀rọ tí omi ń gbà kọjá.
Ilà ìlọ́ (tíréèdì): ilà tí ó yí ọ̀pá tàbí ẹnu páìpù ká, tí a fi ń lọ́ ọ wọlé.
Ìyá adómi: etí ihò tí wọ́ṣà ń bà lé; kì í rìn.
Kán: kí omi máa já bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ọmọ adómi: ẹ̀yà tí ó gbé wọ́ṣà, tí ó ń lọ sókè sódò.
Ọ̀pá ìyí: ọ̀pá tí ó so ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́ ọmọ adómi.
Ọrùn ẹ̀rọ: ibi tí ọ̀pá ìyí gbà wọ inú ẹ̀rọ.
Rin: kí omi wọ ohun kan lára láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀.
Sun: kí omi máa yọ láti ojú àlàfo tóóró, kí ó sì máa tàn kálẹ̀.
Wọ́ṣà: rọ́bà pẹlẹbẹ róbótó ìdí ọmọ adómi.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ìṣẹ̀dá ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Nínú ọ̀rọ̀ méjìlá tí a kó jọ lókè, àwọn tí ó jẹ́ tuntun kò pọ̀. Èdè ojoojúmọ́, ìkòkò, ọlọ àti ẹnu oníṣẹ́ omi ni ó pèsè ìyókù. A ti fi hàn pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà yẹ ní àkójọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀rọ̀ ni ó ń kó orúkọ ohun èlò jọ, tí kò sì sọ ohun tí ohun èlò náà ń ṣe nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn.

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọ́ ní ‘fún mi ní nǹkan yẹn, fi sí ibi yẹn’ yóò mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè kọ́ ẹlòmíràn bí kò bá sí ‘nǹkan yẹn’ níwájú wọn. Orúkọ ni ó ń jẹ́ kí ìmọ̀ kúrò lójú kan. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé èyí tí mo sọ, ẹ̀rọ tuntun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọmọ mi obìnrin ni ó wá bá mi nínú yàrá ìkàwé. Kò sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó ní, ‘Bàbá mi, ẹ̀rọ ìta ń kán lẹ́nu, wọ́ṣà ni.’ Àwa méjèèjì ni a pààrọ̀ rẹ̀, ògiri wa sì wà ní dídúró.

Ìdánrawò

1. Lo ‘jò’, ‘kán’, ‘sun’ àti ‘rin’ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí kò jẹ mọ́ ẹ̀rọ omi. Èwo ni kò lè gba ‘omi’ ní olùwà nínú ìtumọ̀ tí a lò níhìn-ín?
2. Dárúkọ ohun èlò mẹ́ta mìíràn tí ó ní ‘ọmọ’ nínú orúkọ rẹ̀. Ǹjẹ́ ọmọ náà ni ó ń rìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ládùúgbò rẹ. Kọ orúkọ márùn-ún tí ó ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó dá orúkọ kankan fún un.